Ẹ̀dá Ìtàn Tó Lọ Bá Òǹkọ̀wé Rẹ̀ Nílé

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, mo kí yín. Olùkọ́ ni mí ní Ọ̀ffà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ń bi mí bóyá ìwé ìtàn àròsọ kan wà tí ẹ̀dá inú rẹ̀ ti di ẹni gidi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ là mí lọ́yẹ.

Ìdáhùn: Ó wà, olùkọ́ wa. Èyí tó wù wá jù ni Niebla, tí Miguel de Unamuno gbé jáde ní Sípéènì lọ́dún 1914. Augusto Pérez, olú ẹ̀dá ìtàn inú ìwé náà, ẹni tí àfẹ́sọ́nà rẹ̀ já jù sílẹ̀ tó fi ń gbèrò àtipa ara rẹ̀, rìnrìn-àjò lọ sí Salamanca láti fi ọ̀rọ̀ lọ Unamuno fúnra rẹ̀. Òǹkọ̀wé sì sọ fún un pé kò lè pa ara rẹ̀, nítorí pé kò sí láyé rárá. Nígbà tó fárígá, Unamuno ní òun gan-an ni yóò pa á, ni Augusto bá ń bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀mí tó ti fẹ́ sọ nù tẹ́lẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ kò wọlé, ó wá sọ pé òǹkọ̀wé náà yóò kú, àti gbogbo ẹni tó bá ka ìwé náà (àwa náà kúkú ti kà á).

Fún àwọn ọmọ, ẹ kọ́kọ́ wá Inkheart ti Cornelia Funke, ará Jámánì, tó jáde lọ́dún 2003: bàbá kan ń kàwé sókè, àwọn ìkà inú ìwé náà sì bọ́ síta, ìyàwó rẹ̀ sì wọnú ìwé lọ.