Ọrùn tí kò dùn ọ́, má fi gba owó gbà-máà-bínú

Àbúrò mi, o ní ọkọ̀ kan rọra kọlù ọ́ lẹ́yìn ní Peckham, nǹkan kan ò ṣe ọ́, àmọ́ ẹnì kan tó ní òun ń bá lọ́yà ṣiṣẹ́ ò yéé pè ọ́ pé kí o sọ pé ọrùn ń dùn ọ́, kí owó lè wọlé. O ní ṣé kí o ṣe é. Jọ̀wọ́, má ṣe é. Ọ̀rọ̀ yìí ti kàn mí nígbà méjì.

Ní 2016, minicab ni mo fi ń jẹun ní London. Òjò ń rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan ní Old Kent Road, ẹsẹ̀ mi yọ̀ lórí bíréèkì nídìí iná tráfíìkì, ọkọ̀ mi sì kan bọ́ńpà ẹni tó wà níwájú. Ẹ̀bi mi ni, mi ò jiyàn. Èèyàn méjì ló sọ̀ kalẹ̀. A yẹ bọ́ńpà wò, kò fọ́, kò tẹ̀. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní kí n má da ara mi láàmú. Lẹ́yìn oṣù méjì ni lẹ́tà dé: èèyàn mẹ́rin ni ọrùn ń dùn. Mẹ́rin! Mo sọ fún àwọn oní-inṣọ́ránsì mi pé méjì ni mo fojú mi rí. Wọ́n ní ṣé mo ya fọ́tò, ṣé kámẹ́rà wà nínú ọkọ̀. Kò sí. Wọ́n bá sanwó, torí owó tí wọn yóò fi bá wọn ṣẹjọ́ ju èyí tí wọ́n ń béèrè lọ.

Èmi ni mo san án. Ẹ̀dínwó inṣọ́ránsì tí mo ní torí ọdún méje tí mi ò ti kọlu ẹnikẹ́ni lọ pátá, iye inṣọ́ránsì tí wọ́n sì bù fún mi lọ́dún tó tẹ̀ lé e fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Odidi oṣù mẹ́rin ni mo fi ṣiṣẹ́ ní gbogbo ọjọ́ Sunday, ìyàwó mi ló ń dá kó àwọn ọmọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ní 2022, wọ́n fi eré gbá èmi náà lẹ́yìn ní Lewisham. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mi ò fi lè yí ọrùn, ta ló sì ń wakọ̀ láìwẹ̀yìn? Àmọ́ òfin ti yí padà láti ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún 2021. Ẹ̀sùn whiplash, ìyẹn ọrùn tó ń dunni lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá gbáni, ti pọ̀ lápọ̀jù, ìjọba sì ti dá iye lé e: ìrora tí kò bá ju oṣù mẹ́ta lọ, £240 (ó di £275 fún ìjàǹbá tó bá ṣẹlẹ̀ láti ìparí oṣù Karùn-ún 2025). Àwọn tí nǹkan kan ò ṣe ti jẹun yó kí èmi tí ọrùn ń dùn ní tòótọ́ tó dé ìdí àwo. Inú ṣì ń bí mi. Owó iṣẹ́ tí mo pàdánù nìkan ló gbà mí, ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń ṣírò ìyẹn, mo sì ti tọ́jú gbogbo ìwé rẹ̀.

Bí ìrora bá wá yọjú lọ́la tàbí lọ́túnla, torí ó máa ń pẹ́ kó tó jáde nígbà mìíràn, lọ rí dókítà, kí o sì fúnra rẹ kọ ẹ̀sùn rẹ sí Official Injury Claim, ìkànnì orí ayélujára tí wọ́n ti ń béèrè irú owó yìí. Ọ̀fẹ́ ni, kò gba lọ́yà, ọdún mẹ́ta lo sì ní. Ṣùgbọ́n bí ilé ẹjọ́ bá rí i pé o parọ́ lórí kókó ọ̀rọ̀, láti 2015 ni wọ́n ti lágbára láti da gbogbo ẹ̀sùn náà nù, títí kan apá tó jẹ́ òótọ́, kí o sì tún san owó ẹjọ́ ẹni kejì.

Ra kámẹ́rà sínú ọkọ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Ẹni tó ń pè ọ́ yẹn, bí o kò bá fún wọn láyè tẹ́lẹ̀, òfin ti ka irú ìpè bẹ́ẹ̀ léèwọ̀ láti 2018. Bó bá tún pè, béèrè orúkọ iléeṣẹ́ rẹ̀, kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀, kí o sì fi sun Information Commissioner, ọ́fíìsì tó ń gba ẹ̀sùn irú ìpè bẹ́ẹ̀.