Ìyá ọkọ mi ń pe àwọn ọmọ kí wọ́n wá bá wọn ṣe igi Kérésìmesì lọ́ṣọ̀ọ́

ÌBÉÈRÈ: Àsàlámù àlékúmù, Àáfà. Ilé ẹbí ni èmi àti ọkọ mi ń gbé ní Iléṣà. Mùsùlùmí ni àwa méjèèjì, Kìrìsìtẹ́nì ni ìyá ọkọ mi. Ìsàlẹ̀ ni màmá wà, àwa wà lókè. Bí oṣù Kejìlá bá ti wọlé, màmá á gbé igi Kérésìmesì wọn sọ̀ kalẹ̀ láti orí àjà, wọ́n á sì pe àwọn ọmọ mi, ọlọ́dún mẹ́rin àti ọlọ́dún méje, kí wọ́n wá bá wọn so iná àti bọ́ọ̀lù wẹ́wẹ́ mọ́ ọn. Èyí ẹ̀gbọ́n ti ń bi mí pé kí ló dé tí lókè tiwa kò ní iná. Mo rò ó pé kí n ra iná díẹ̀ so sí pálọ̀ wa, láìsí igi, kí ọkàn wọn lè balẹ̀. Ṣé ó burú? Báwo la ṣe máa sọ fún màmá tí kò ní dìjà?

ÌDÁHÙN: Wàálékúmù sàlámù. Ẹ má so iná kankan fún ìyẹn. Iná kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ohun tó ń kéde ni ẹjọ́ wà lórí rẹ̀. Ní ọdún 2000, Ìtúnu Ààwẹ̀ bọ́ sí ọjọ́ 27 oṣù Kejìlá. Ẹni tó bá so iná sí pálọ̀ rẹ̀ nítorí ìyẹn, ọdún tirẹ̀ ló ń ṣe. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí ọdún tiwa nítòsí, tí iná wá ń ṣẹ́jú lókè bí ti ìsàlẹ̀ ṣe ń ṣẹ́jú, kò sí àlejò tí kò ní mọ ọdún tí ẹ ń ṣe. Àwọn ọmọ á tètè mọ̀ ju àlejò lọ. Igi tí ẹ yọ kúrò níbẹ̀ kò yí nǹkan kan padà.

Nígbà tí Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọ̀lá Ọlọ́hun máa bá a) dé Mẹ̀dínà, ó bá ọjọ́ méjì kan níbẹ̀ tí àwọn ará ìlú máa ń fi ṣeré láti ìgbà àìmọ̀kan, kí Ìsìláàmù tó dé. Ó ní Ọlọ́hun ti fi ọjọ́ méjì tó dára jù wọ́n lọ pààrọ̀ wọn: Iléyá àti Ìtúnu Ààwẹ̀. Anas, ọ̀kan nínú àwọn tó bá Ànábì gbé, ló gba hadíìsì náà wá, ó wà nínú ìwé hadíìsì Abu Dawud. Pààrọ̀ ló ní. Kò gba ọjọ́ eré lọ́wọ́ wọn kó wá fi wọ́n sílẹ̀ ní ọwọ́ òfo. Àwa òbí la máa ń gbàgbé ìyẹn: a ó ní "tiwa kọ́ nìyẹn" ní oṣù Kejìlá, nígbà tí Iléyá bá sì dé, ẹran nìkan la mọ̀.

Ní ti màmá, Súrà Lùkúmáánù, ẹsẹ 15, sọ pé bí òbí bá tilẹ̀ fẹ́ fi dandan mú ènìyàn wá akẹgbẹ́ fún Ọlọ́hun, kó má tẹ̀ lé wọn, síbẹ̀ kó máa bá wọn gbé pọ̀ dáadáa. Màmá kò tíì fi dandan mú yín ṣe nǹkan kan. Ọmọ-ọmọ wọn ni wọ́n fẹ́ rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Ẹ̀yin kọ́ lẹ máa lọ sọ ọ́. Bí ìyàwó bá sọ ọ́, kílẹ̀ tó ṣú yóò ti di "ìyàwó ló gba ọmọ lọ́wọ́ mi". Kí ọkọ yín lọ bá ìyá rẹ̀, ní ìparí oṣù Kọkànlá, kí igi tó sọ̀ kalẹ̀. Kó mú nǹkan dání, kó dọ̀bálẹ̀, kó ní: "Màámi, ẹ̀sìn wa ò gbà kí àwọn ọmọ bá yín so nǹkan mọ́ igi. Ṣùgbọ́n wọ́n á máa sọ̀ kalẹ̀ wá kí yín láràárọ̀, ẹ ó sì máa rán wọn níṣẹ́ bí ẹ ṣe ń rán wọn." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kó má bẹ̀rẹ̀ wàásù níbẹ̀.

Kí wọ́n jókòó ti ìyá àgbà ní yàrá tí igi wà kò burú. Ohun tí kò tọ́ ni kí wọ́n so nǹkan mọ́ ọn, kí wọ́n dé fìlà Bàbá Kérésìmesì tàbí kí wọ́n bá wọn kọ orin ọdún náà. Bí ẹ bá dé ibẹ̀ tí àbúrò ti so bọ́ọ̀lù kan, ẹ má gbá a létí, ẹ má sì já a kúrò lójú màmá. Kálámù kò tíì máa kọ ẹ̀ṣẹ̀ sílẹ̀ fún ọmọ tí kò tíì bàlágà. Ẹ̀yin tí ẹ rán an lọ lẹ máa jẹ́jọ́. Ní ti ìrẹsì àti adìyẹ ọdún màmá, Súrà Màídà, ẹsẹ 5, ṣe oúnjẹ àwọn tí a fún ní Tírà, ìyẹn Júù àti Kìrìsìtẹ́nì, ní ẹ̀tọ́ fún wa. Tí ọkàn yín kò bá balẹ̀, kí ọkọ yín bá màmá dú adìyẹ náà. Ọ̀pọ̀ Kìrìsìtẹ́nì nílẹ̀ wa ló máa ń pe Mùsùlùmí fún un.

Tí èyí ẹ̀gbọ́n bá tún bi yín, ẹ má sọ pé owó ni kò sí. Irọ́ ni, yóò sì rò pé bí owó bá dé, igi náà á dé. Ẹ sọ pé: "Ọdún ìyá àgbà nìyẹn. Tiwa ń bọ̀." Kẹ́ ẹ sì fi tiwa hàn án. Kí Ààwẹ̀ tó wọlé, ẹ fi pépà ṣe àpò kéékèèké 30, ẹ so wọ́n mọ́ okùn kan lára ògiri. Ẹ fi dàbínù méjì sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n máa tú àpò kan nírọ̀lẹ́ nígbà ìṣínu. Ẹ má fi dàbínù sínú gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, eèrà á kó wọn jẹ. Ti ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta ti tó. Ẹ má kọ orúkọ Ọlọ́hun tàbí ẹsẹ Kùránì sára pépà tó máa já bọ́ sílẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 29 Ààwẹ̀, ẹ kó àwọn ọmọ lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè, kí wọ́n kọjú sí ọ̀nà Ifẹ̀ níbi tí oòrùn ń wọ̀ sí, kí wọ́n máa wá oṣù. Nígbà Iléyá, àwọn fúnra wọn ni kó gbé abọ́ ẹran lọ fún ìyá àgbà.

Iná tí ẹ ní lọ́kàn, ẹ fi í de Ààwẹ̀: ẹ rà á nísinsìnyí tó pọ̀ ní ọjà Àtàkúmọ̀sà, nítorí ó lè ṣòro rí nígbà Ààwẹ̀. Funfun ni kẹ́ ẹ mú, kó má ní àwòrán Bàbá Kérésìmesì. Kí ẹni tó ń tà á tàn án fún yín wò, kẹ́ ẹ fọwọ́ kan wáyà ẹ̀yìn rẹ̀: èyí tó bá ti gbóná láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ dá a padà. Kẹ́ ẹ wá wé e sínú láílọ́ọ̀nù, kó lọ sùn lórí àjà títí Ààwẹ̀ á fi dé.