Apá kọ́ ló ń gbé bọ́ọ̀lù lọ jìnnà

ÌBÉÈRÈ: Ẹ káàárọ̀ mà. Houston ni mo ń gbé. Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún 13, ń gbá softball níléèwé wọn (ìbátan baseball: ẹnì kan á ju bọ́ọ̀lù, ẹlòmíràn á fi igi tí wọ́n ń pè ní bátì gbá a). Bátì rẹ̀ kì í sábà tàsé, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù tó bá gbá kì í jìnnà. Apá rẹ̀ tín-ín-rín. Mo ń mú un ṣe push-up 100 lálaalẹ́, ẹnì kan sì fẹ́ ta ìyẹ̀fun kan fún mi tó ní ó ń fi agbára sí apá. Ṣé kí n rà á? Ìdárayá apá wo ló tún kù? (Ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn máa ń dùn ún lẹ́yìn ìdánrawò, mo rò pé ó rẹ̀ ẹ́ ni.)

ÌDÁHÙN: Ẹ má rà á. Ẹ gbọ́ ìyẹn ná.

Ẹ̀yin lẹ di ẹni kẹrin lóṣù yìí tó ń bi mí ní ọ̀rọ̀ apá, ó sì ti ń sú mi díẹ̀. Nítorí pé ọwọ́ ló di bátì mú, gbogbo yín gbà pé ọwọ́ ló ń gbá bọ́ọ̀lù. Ilẹ̀ ni agbára yẹn ti ń bọ̀. Ẹsẹ̀ ló ń gbà á, ìbàdí ló ń yí i, èjìká ló ń gbé e kọjá. Ìgbà tó bá fi dé apá, iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bátì àwọn ògbóǹtarìgì baseball fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò kan. Láti ojú kan, ó ní láti dé eré máìlì 70 ní wákàtí, láàárín nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́fà ìṣẹ́jú àáyá. Agbára tí ìyẹn ń béèrè ju kilowatt 2 lọ. Ẹ rántí jẹnẹrétọ̀ kékeré tí à ń pè ní I pass my neighbour nílé: méjì irú rẹ̀ kò lè gbé e. Apá ta ló fẹ́ gbé e? Ìdí àti itan ni iṣan tó tóbi jù lára wa wà.

Bó ṣe ń lọ nìyí. Ọmọ náà á fara ti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, á wá gbé ẹsẹ̀ iwájú síwájú. Bí ẹsẹ̀ náà bá ti balẹ̀, á tẹ ilẹ̀ pẹ̀lú agbára tó lè ju ìwọ̀n ara rẹ̀ lọ, ilẹ̀ á sì tì í padà. Orúnkún iwájú á nà, ara tó ń bọ̀ síwájú á dúró lójijì, eré tó ń sá bọ̀ á wá di yíyí. Ìbàdí ló kọ́kọ́ ń yí sọ́dọ̀ ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù. Èjìká kò tíì tẹ̀ lé e, nítorí náà iṣan ikùn àti ti ẹ̀gbẹ́ á fà bíi rọ́bà kànnàkànnà. Bí rọ́bà yẹn bá tú, èjìká á fò yí, ìbàdí á dẹwọ́ eré. Èjìká á dẹwọ́ fún apá, apá á dẹwọ́ fún bátì. Dídẹwọ́ yìí lọ̀pọ̀ kò mọ̀. Ẹ wo kòbókò: ìdí rẹ̀ tó wà lọ́wọ́ ẹni kì í rìn jìnnà, ṣóńṣó rẹ̀ ló ń dún. Ẹni tó bá ti jẹ ẹ́ rí níléèwé kò nílò àlàyé mi.

N kò ní apá kò wúlò o. Òun ló ń darí bátì sí bọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ wà ní Houston yẹ kí ẹ mọ José Altuve, agbábọ́ọ̀lù baseball Houston Astros. Ẹsẹ̀ bàtà 5 àti ínǹṣì 6 péré ni gíga rẹ̀, ó sì gbá home run (bọ́ọ̀lù tó fò jáde kúrò nínú pápá) 31 ní 2019. Ṣé apá gígùn ló fi gbá a ni?

Ti softball tún le. Ẹsẹ̀ bàtà 43 ni wọ́n ti ń ju bọ́ọ̀lù sí irú ọmọ yín. Ti baseball àgbà jẹ́ 60 àti ààbọ̀. Bí ìbàdí bá pẹ́ kó tó yí, apá kò ní àyè láti tún un ṣe.

Ẹ fi fóònù ya fídíò rẹ̀ láti iwájú, kí ẹ sì mú un lọ́ra. Ẹ wo bẹ́líìtì rẹ̀ àti àyà rẹ̀. Bí méjèèjì bá jọ yí lẹ́ẹ̀kan náà, àìsàn bátì rẹ̀ nìyẹn. Kó máa fò, kó máa lóṣòó dìde, kó máa fẹ̀gbẹ́ ju bọ́ọ̀lù wíwúwo kílò 2 lu ògiri, lábẹ́ ojú kóòṣì. Ẹ dín push-up yẹn kù, 100 lálaalẹ́ fún ọmọ ọdún 13 ti pọ̀ jù.

Ní ti ìyẹ̀fun, FDA, àjọ tó ń rí sí oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, kì í fọwọ́ sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó máa tà á. Ẹ kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, èmi náà kò mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀yìn tí ẹ fi sínú àkámọ́ yẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. N kò rí ọmọ náà, n kò sì lè fi lẹ́tà ṣàyẹ̀wò. Ṣùgbọ́n nínú ọmọ tó ń dàgbà, tó sì ń yí ara báyìí, egungun ẹ̀yìn lè sán díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ pé ó ṣubú. Kó má fọwọ́ kan bátì, kó má sì tíì ṣe àwọn ìdárayá tí mo kọ sókè yẹn, títí dókítà yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò. Lọ́sẹ̀ yìí, ẹ jọ̀ọ́.