Wọ́n fẹ́ fún mi lábẹ́rẹ́ ìtòògbé kí wọ́n tó yọ eyín ọgbọ́n mi, ṣé mi ò ní sùn lọ?

ÌBÉÈRÈ: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún 27 ni mí, àdìrẹ ni mo ń rẹ tí mo sì ń tà ní Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta. Eyín ọgbọ́n mi apá òsì nísàlẹ̀ ti wú mọ́ mi lẹ́nu ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún yìí nìkan, èyí tó kẹ́yìn yẹn, fún ọjọ́ mẹ́rin mi ò lè la ẹnu kí ṣíbí wọ ibẹ̀. Dókítà eyín tí mo lọ bá ya ẹ́síréè, wọ́n ní eyín yẹn ò nàró, ó sùn ni, àfi kí wọ́n gbẹ́ ẹ jáde, pé torí bí mo ṣe ń gbọ̀n wọ́n á fún mi ní sìdéṣọ̀n, abẹ́rẹ́ ìtòògbé yẹn. Màmá mi ti fárígá, wọ́n ní ta ló ń tìtorí eyín kun èèyàn lóorun, tí mi ò bá wá jí ńkọ́? Ọ̀rẹ́ mi náà ní gbogbo àṣírí mi ni mo máa tú síbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n gbà? Ṣé mo lè fúnra mi wa mọ́tò padà sílé, ọjọ́ mélòó ni mi ò sì ní lè lọ sọ́jà?

ÌDÁHÙN: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ kú ìnira. Ẹ bá mi kí màmá, ẹ má sì bá wọn jà, torí ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù yẹn wà lóòótọ́, kàn jẹ́ pé òun kọ́ ni wọ́n fẹ́ ṣe fún yín. Oorun tíátà ni wọ́n ń rò, èyí tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ abẹ inú, tí èèyàn á sùn fọnfọn tí ò ní mọ nǹkan kan, tí wọ́n á ki rọ́bà sí i lọ́nà ọ̀fun tí máṣíìnì á máa bá a mí. Tí wọ́n bá fún yín ní sìdéṣọ̀n, ẹ̀yin fúnra yín lẹ̀ ń mí, ẹ ṣì ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, tí wọ́n bá ní ẹ la ẹnu ẹ máa là á, tí wọ́n bá ní ẹ yíjú síbí ẹ máa yí i. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn jókòó sẹ́yìn mọ́tò láti Èkó lọ sí Ìlọrin lọ́sàn-án gangan, tó ń tòògbé, ó ń gbọ́ tí wọ́n ń pe Ògbómọ̀ṣọ́ ṣùgbọ́n kò kàn án, ara rẹ̀ ti balẹ̀.

Oògùn tí wọ́n sábà máa ń lò ni midazolam, iṣan ẹ̀yìn ọwọ́ tàbí ti ìgbọ̀nwọ́ ni wọ́n ń gún un sí. Wọn kì í tú u dà sí ara èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà o, milígíráàmù kan tàbí méjì ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n á dúró, wọ́n á wo ojú yín, wọ́n á bi yín ní nǹkan, tó bá kù díẹ̀ wọ́n á tún fi ìwọ̀nba díẹ̀ sí i, títí ìpéǹpéjú á fi máa wúwo tí ọ̀rọ̀ á sì máa fà lẹ́nu yín, ibẹ̀ ni wọ́n á ti dáwọ́ dúró.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú dání jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí nìyí: sìdéṣọ̀n ò pa ìrora, ẹ̀rù ló ń pa. Abẹ́rẹ́ tó ń pa ìrora ni lidocaine, tí wọ́n ń gún sí ẹran inú ẹnu lápá ibi tí eyín yẹn wà, tí ètè àti ahọ́n lápá ibẹ̀ á kú fún wákàtí mélòó kan, bẹ́ ẹ gba sìdéṣọ̀n bẹ́ ẹ ò gbà á, ẹ máa gba ìyẹn. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ èèyàn tí mo ti yọ eyín ọgbọ́n wọn fi la ojú wọn sílẹ̀ kedere títí a fi parí, wọ́n kàn ń gbọ́ ariwo máṣíìnì tó ń dún nínú agbárí wọn, ara wọn sì mọ̀ pé à ń tì í à ń fà á, ṣùgbọ́n kò dùn wọ́n. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń gbọ̀n láti ìsinsìnyí, ariwo yẹn àti títì yẹn ni sìdéṣọ̀n máa bá yín mú kúrò. Mi ò rí àṣejù kankan níbẹ̀. Ẹni tó bá ń gbọ̀n lórí àga, ó léwu fún òun àti fún èmi tí mo mú irin dání.

Ọ̀rọ̀ àṣírí, ẹ fọkàn balẹ̀. Lóòótọ́ oògùn yẹn máa ń jẹ́ kí ẹnu tú díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu tí wọ́n ti fi rọ́bà gbé là, tí owú wà níbẹ̀, tí rọ́bà tó ń fa itọ́ wà níbẹ̀, àṣírí wo ló fẹ́ tibẹ̀ jáde? Ohun tó bá sì bọ́ lẹ́nu yín, inú yàrá yẹn ló máa kú sí, ara iṣẹ́ wa nìyẹn. Ohun tó máa yà yín lẹ́nu ni pé ẹ ò ní fẹ́ẹ̀ rántí. Obìnrin kan wà tí mo ń rán ojú ọgbẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́, okùn tó gbẹ̀yìn ni mo ń so, ló bá rọra ní, "Dókítà, ẹ ò tíì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni?" Mo ní a ti parí mà. Nígbà tó fi máa dìde ó ti bi mí lẹ́ẹ̀mejì sí i.

Ṣé ó yẹ kí ẹ yọ ọ́? Láti nǹkan bí ọdún 17 sí 25 ni eyín ọgbọ́n máa ń yọ, ìgbà yẹn gbogbo àwọn yòókù ti gba àyè tán, òun ló bá wá sùn ti eyín iwájú rẹ̀, ẹran ìdí eyín á wá bò ó bí ìdérí, ẹ̀wà, ẹran, gbogbo ohun téèyàn jẹ á máa ha sábẹ́ rẹ̀ tí búrọ́ọ̀ṣì ò lè débẹ̀, ó di wíwú. Ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín ọdún kan, tí ẹnu tún wá há, ó ti tó ìdí. Ṣùgbọ́n tí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò yín bá ní eyín ọgbọ́n tí kò yọ ọ́ lẹ́nu, kó fi í sílẹ̀ jàre. Láti ọdún 2000 ni NICE, àjọ tó ń la ìlànà ìtọ́jú sílẹ̀ ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, ti ní kí wọ́n má máa yọ eyín ọgbọ́n tí kò ṣe nǹkan kan, ohun tí èmi náà gbà nìyẹn.

Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà yín ibi tí gbòǹgbò eyín yẹn dé. Iṣan kan gba inú egungun àgbọ̀n ìsàlẹ̀ kọjá, òun ló ń jẹ́ kí ètè ìsàlẹ̀ àti àgbọ̀n mọ nǹkan lára, òmíì sì gba ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ lọ sí ahọ́n. Tí gbòǹgbò bá sún mọ́ ọn, ètè tàbí ahọ́n lè kú fún ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù mélòó kan lẹ́yìn iṣẹ́, èyí tó pọ̀ jù máa ń padà bọ̀ sípò, ìwọ̀nba péréte ni kì í padà. Kí wọ́n sọ ọ́ fún yín kí ẹ tó buwọ́ lùwé, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Ibi tí ẹ̀rù màmá ti tọ̀nà wá nìyí. Midazolam máa ń dín èémí kù, ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kẹ́nikẹ́ni gbà á níbi tí wọn ò ti lè ṣọ́ ọ. Ẹ bi wọ́n: ta ló máa ṣọ́ mi? Tí wọ́n bá ní dókítà kan náà ló máa gún abẹ́rẹ́, òun ló máa gbẹ́ eyín, òun náà ló máa ṣọ́ èémí yín, ẹ dìde níbẹ̀. Ẹlòmíì gbọ́dọ̀ wà tí iṣẹ́ rẹ̀ ò ju kó máa wò yín lọ. Máṣíìnì kékeré tí wọ́n ń há mọ́ ìka gbọ́dọ̀ wà, tó ń ka bí ọ́síjìn ṣe wà nínú ẹ̀jẹ̀ àti bí ọkàn ṣe ń lù, ọ́síjìn gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀, flumazenil náà gbọ́dọ̀ wà, oògùn tó ń já agbára midazolam nìyẹn. Ẹ má tijú béèrè, ilé ìwòsàn tó bá ní i kì í bínú.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń rẹ àdìrẹ, mo ní láti sọ èyí: iná ni máṣíìnì ìka yẹn ń tàn gba inú èékánná kọjá kó tó lè kà, aró tó bá ti wọ èékánná tàbí kúteesì aláwọ̀ búlúù lè jẹ́ kó máa ka irọ́. Ẹ má rẹ aṣọ lọ́sẹ̀ yẹn, ẹ tú èékánná àlẹ̀mọ́, tí àwọ̀ bá sì ṣì wà ńbẹ̀, ẹ fi hàn wọ́n kí wọ́n lè há a mọ́ etí.

Ẹ sọ òótọ́ ohun tẹ́ ẹ ti lò fún wọn. Ọkùnrin kan wọlé sí mi láàárọ̀ ọjọ́ kan, ara rẹ̀ balẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, mo sún mọ́ ọn, mo gbóòórùn paraga. Ó ní kí àyà òun lè le ni. Mo dá a padà sílé, inú bí i gan-an, ṣùgbọ́n ọtí àti midazolam tí wọ́n bá pàdé nínú ara kan, àwọn méjèèjì á jọ tẹ èémí mọ́lẹ̀ ni. Bákan náà ni tramadol àti oògùn oorun. Tó bá jẹ́ SS lẹ jẹ́, tẹ́ ẹ bá ní ikọ́ fée tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru, tẹ́ ẹ bá lóyún, tẹ́ ẹ bá ń hanrun débi pé èémí ń dúró, ẹ sọ ọ́, wọ́n lè ní ilé ìwòsàn ńlá lẹ máa ti ṣe é. Bóyá kẹ́ ẹ jẹun tàbí kẹ́ ẹ má jẹ, ohun tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ ṣe níbẹ̀ ni kẹ́ ẹ ṣe.

Wíwa mọ́tò, rárá o, kò sí àbùjá. Ó di lẹ́yìn wákàtí 24. Ẹ má sì gun ọ̀kadà padà. Àgbàlagbà kan gbọ́dọ̀ bá yín wá, kó mú yín délé, kó sun ọ̀dọ̀ yín. Lọ́jọ́ náà ẹ ò ní dáná, ẹ ò ní buwọ́ lùwé, ẹ ò ní dá nìkan dúró ti ọmọ kékeré, ẹ sì gbé fóònù sílẹ̀ pátápátá ní ti owó, torí ẹ lè fi owó ọjà ránṣẹ́ síbi tí ò yẹ kẹ́ ẹ má rántí pé ẹ ṣe é, nígbà tó jẹ́ pé lójú ara yín, ojú yín ti dá.

Tẹ́ ẹ bá délé, ẹ̀jẹ̀ tó dì sínú ihò eyín yẹn ni kẹ́ ẹ ṣọ́ bí ẹyin, òun ló ń bo egungun. Ẹ ò ní yọ ẹnu títí di ọjọ́ kejì, ẹ ò ní máa tu itọ́ pọ̀ọ̀, ẹ ò ní fi sítírọ́ọ̀ fa nǹkan mu, ẹ ò ní mu sìgá. Ògì tó lọ́ wọ́ọ́wọ́, ẹ̀kọ, mọ́ínmọ́ín tí kò ta, ìyẹn ti tó. Láti ọjọ́ kejì, omi lílọ́ wọ́ọ́wọ́ pẹ̀lú iyọ̀, ẹ rọra máa gbé e yí lẹ́nu lẹ́yìn oúnjẹ. Ẹ lo oògùn ìrora kí ẹnu tó jí, kì í ṣe ìgbà tó bá ti ń dùn yín, bẹ́ ẹ bá sì ní ọgbẹ́ inú ẹ sọ kí wọ́n má baà fún yín ní ibuprofen. Ọjọ́ kejì sí ìkẹta ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ máa ń wú jù, ẹ má jẹ́ kó kó yín láyà sókè, á lọ sílẹ̀.

Tó bá wá di ọjọ́ kẹta sí ìkarùn-ún tí ìrora tún gbéra, tó ń lọ sínú etí, tí ẹnu ń rùn, ẹ̀jẹ̀ dídì yẹn ló ti ṣí kúrò. Ẹ padà lọ bá wọn, wọ́n á fọ ibẹ̀ wọ́n á fi oògùn dí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da ògógóró tàbí omi bátìrì sí i, ẹ má fi tábà dí i, mo ti rí ẹran ẹnu tí omi bátìrì jẹ́ kó funfun bí ẹni bọ̀ ọ́. Tí ẹ̀jẹ̀ ò bá dá lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti gé owú mọ́lẹ̀ fún wákàtí kan, tàbí ibà dé, tàbí ọrùn ń wú tí itọ́ ò ṣeé gbé mì, òru ọjọ́ náà ni kẹ́ ẹ lọ.

Ọjà, ẹ fún un ní ọjọ́ mẹ́rin sí márùn-ún, tó bá jẹ́ pé wọ́n gbẹ́ egungun púpọ̀, ọ̀sẹ̀ kan. Okùn tí wọ́n fi rán an máa yọ́ fúnra rẹ̀.

Ní ti ẹni tó máa bá yín lọ, tó bá jẹ́ èmi, màmá ni mo máa mú. Kí wọ́n wà níbẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá ń bi àwọn dókítà yẹn ní ìbéèrè, kí wọ́n fojú ara wọn rí máṣíìnì ìka yẹn àti ẹni tó máa dúró tì yín, tí wọ́n bá ti rí i tán, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ṣì fárígá.