Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Kíbọ́ọ̀dù àkànṣe fún èdè Yorùbá

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Iléṣà ni mo ti ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tẹ àpilẹ̀kọ. Mo fẹ́ ṣe kíbọ́ọ̀dù mechanical ti ara mi fún èdè Yorùbá. Oníṣòwò kan ní òun yóò kọ ẹ, ọ, ṣ àti àmì ohùn sórí àwọn bọ́tìnnì, pé bí mo bá ti so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, Yorùbá ni yóò máa kọ. Ṣé kí n sanwó? Ibo ni kí àwọn àmì náà wà?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì sanwó. Lemọ́lemọ́ ni wọ́n ń bi mí ní ìbéèrè yìí ní Ilé-Ifẹ̀ níbí, ó sì ń bí mi nínú pé àwọn kan ń fi irú ìlérí bẹ́ẹ̀ gba owó lọ́wọ́ àwọn tí ń ṣiṣẹ́ kára.

Kíbọ́ọ̀dù kì í fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà, nọ́ńbà ni ó ń fi ránṣẹ́. Bí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì A, nọ́ńbà 4 ni okùn USB ń gbé lọ, ètò bọ́tìnnì tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà ni ó sì ń pinnu lẹ́tà tí yóò hàn. Bí ẹ bá yí ètò náà sí ti ilẹ̀ Faransé, q ni nọ́ńbà 4 yẹn yóò mú jáde, ohun yòówù tí wọn ìbáà kọ sórí bọ́tìnnì náà. Nínú àwọn nọ́ńbà tí ìlànà USB yà sọ́tọ̀ fún kíbọ́ọ̀dù, kò sí èyí tí ó dúró fún ẹ tàbí ṣ. Ọ̀dà lásán ni oníṣòwò yẹn fẹ́ tà fún yín. Àwọn kan yóò ní QMK, ìyẹn ètò ọ̀fẹ́ tí ń gbé inú ọ̀pọ̀ kíbọ́ọ̀dù àkànṣe, lè kọ ẹ. Ó lè kọ ọ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó ń gbà kọ ọ́ lórí Windows yàtọ̀ sí ti Mac àti Linux, ẹ ó sì tún kọ́kọ́ tún nǹkan tò nínú Mac tàbí Windows náà kí ó tó ṣiṣẹ́ dáadáa.

Nítorí náà, inú kọ̀ǹpútà ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi Keyman Developer, ohun èlò tí a fi ń ṣe ètò bọ́tìnnì fún Keyman, tí kò gba kọ́bọ̀, ṣe ètò yín, kí ẹ sì lò ó lórí kíbọ́ọ̀dù àtijọ́ yín fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ẹ má ṣe fi ẹ, ọ àti ṣ rọ́pò q, x àti z nítorí pé wọn kò sí nínú álífábẹ́ẹ̀tì wa. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín yóò nílò wọn fún orúkọ àwọn òǹkọ̀wé àti àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì. AltGr (bọ́tìnnì Alt tí ó wà lápá ọ̀tún) pẹ̀lú e, o àti s tó fún ẹ, ọ àti ṣ.

Àmì ohùn ni kí ẹ fún ní bọ́tìnnì tirẹ̀, nítorí agbára káká ni ẹ ó fi rí ọ̀rọ̀ mẹ́ta léraléra tí kò ní i. Ibí gan-an ni kíbọ́ọ̀dù àkànṣe ti wúlò: a lè pín bọ́tìnnì àlàfo gígùn yẹn sí mẹ́ta, kí àtàǹpàkò máa tẹ àmì òkè àti àmì ìsàlẹ̀. Kí kíbọ́ọ̀dù fi nọ́ńbà àkámọ́ onígun [ àti ] ránṣẹ́, kí Keyman sì sọ wọ́n di àmì ohùn. Lẹ́yìn lẹ́tà ni kí àmì máa wọlé, nítorí Unicode, ìyẹn ìlànà tí ó fún lẹ́tà àti àmì ní nọ́ńbà nínú kọ̀ǹpútà, ní ẹ gẹ́gẹ́ bí ẹyọ kan (U+1EB9), ṣùgbọ́n kò ní ẹ́ ní ẹyọ kan. Lẹ́tà ẹ tí U+0301, ìyẹn àmì òkè, tẹ̀ lé ni. Bákan náà, ẹ yàn láàárín àmì róbótó kékeré abẹ́ lẹ́tà àti ìlà òòró abẹ́ rẹ̀, kí ẹ má sì pa wọ́n pọ̀, nítorí ẹni tí ó bá fi ọ̀kan wá ọ̀rọ̀ nínú ìwé yín lè má rí èyí tí ẹ fi èkejì kọ.

N kò rí kíbọ́ọ̀dù tí oníṣòwò náà fẹ́ tà, n kò sì lè dúró fún un. Ẹ bi í bóyá a lè tún nọ́ńbà àwọn bọ́tìnnì rẹ̀ tò. Bí kò bá mọ ohun tí ẹ ń bi í, ẹ má rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Bí kọ̀ǹpútà náà bá sì jẹ́ ti ibi iṣẹ́, ẹ gba àṣẹ kí ẹ tó fi Keyman sínú rẹ̀.