Ta Ló Ń Bá Ọ Ná Sátidé Rẹ?

Lẹ́tà tí mo fẹ́ dáhùn lọ́sẹ̀ yìí gùn. Mo ti gé e kúrú, mo sì ti yọ ohun tó lè jẹ́ kí wọ́n dá ẹni tó kọ ọ́ mọ̀ kúrò:

"Ẹ ǹlẹ́ o, Àǹtí. Ọmọ ọdún 34 ni mí. Ní 2014 ni mo gba iṣẹ́ akọ̀wé owó ní ilé-iṣẹ́ kan ní Ìkẹjà. Ọdún kan péré ni mo ní lọ́kàn láti lò níbẹ̀, mo ṣì wà níbẹ̀. Mọ̀wé ni mò ń gbé. Aago márùn-ún ìdájí kì í bá mi nílé, aago mẹ́jọ alẹ́ ni mò ń wọlé. Kí n jẹun, kí n fọwọ́ kan fóònù, ilẹ̀ á ti fẹ́ mọ́. Sátidé, òde ni. Sọ́ńdè, ṣọ́ọ̀ṣì, oorun. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo rí fọ́tò ara mi nínú fóònù: mo wọ aṣọ ẹbí, gèlè mi dúró dáadáa, mò ń rẹ́rìn-ín. Àǹtí, mi ò rántí ẹni tó ń ṣe ayẹyẹ yẹn. Mo wo aṣọ, mo wo àwọn tó jókòó lẹ́yìn mi, mi ò rántí. Ìgbà yẹn lẹ̀rù bà mí. Ìyá ìyá mi ní Abẹ́òkúta kọ́ mi ní àdìrẹ nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo sì máa ń sọ pé màá padà sí i lọ́jọ́ kan. Wọ́n ti kú láti ọdún méjì sẹ́yìn. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ti lọ sí Ìlú Ọba. Mi ò ní ìpè kankan bíi tàwọn tí mò ń rí. Ṣé kí n fiṣẹ́ sílẹ̀ ni? Ṣé kí n tẹ̀lé àwọn ọ̀rẹ́ mi? Àbí bí kádàrá tèmi ṣe rí nìyẹn? Mo tiẹ̀ tún ti san ìdajì owó aṣọ ẹbí kan fún oṣù Kejìlá, ti ọ̀rẹ́ mi láti ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ Ń Gbé Mi Lọ, Mọ̀wé."

Ọjọ́ Ń Gbé Mi Lọ, àbúrò mi, o kú ìrìn. Ẹni tó ń ti Mọ̀wé lọ sí Ìkẹjà lójoojúmọ́, tó ṣì lókun láti kọ lẹ́tà gígùn báyẹn, kì í ṣe ọ̀lẹ. Mo ní láti sọ bẹ́ẹ̀ nítorí pé nínú apá tí mo gé kúrò, o kàn ń pe ara rẹ ní ọ̀lẹ ṣáá ni.

Fọ́tò yẹn ló jẹ mí lógún jù. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀, ọ̀rọ̀ ọ̀gá, ọ̀rọ̀ àìróorun sùn, ìdajì Èkó ló lè kọ ọ́ bó o ṣe kọ ọ́. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fi tipá mú ọ lọ sí òde yẹn. O ra aṣọ, o gbé e fún télọ̀, o jí ní kùtùkùtù lọ wé gèlè, o jókòó sábẹ́ kánópì títí ilẹ̀ fi ṣú, o ná owó fún ẹni tó ń jó, lónìí o ò rántí orúkọ olóde. Owó rẹ ni, ẹsẹ̀ rẹ ni, ọjọ́ rẹ ni, ẹlòmíràn ló pinnu. Ẹnì kan fi àwòrán aṣọ àti nọ́ńbà àkáǹtì ránṣẹ́ sórí WhatsApp, ó ní kó má kọjá Fúráìdè, o sì sanwó. Láàárín ìgbà tí o rí i sí ìgbà tí o san án, o ò bi ara rẹ bóyá o fẹ́ lọ. Mo fura pé bí ọdún kan tí o fẹ́ lò ní Ìkẹjà ṣe lé ní mẹ́wàá náà nìyẹn: kò sẹ́ni tó ní kó o dúró, ìwọ náà ò sì pinnu láti dúró.

Jẹ́ ká tètè mú ti kádàrá kúrò nílẹ̀, torí ó máa ń bí mi nínú bí ẹni tára rẹ̀ le bá ń sá sẹ́yìn rẹ̀. Àwọn baba wa tó sọ fún wa pé àkúnlẹ̀yàn òun làdáyébá, pé ilé Àjàlá alámọ̀ ni olúkúlùkù ti yan orí kó tó wá sáyé, àwọn kan náà ló ní ẹsẹ Ifá kan níbi tí gbogbo Orí ti pé jọ tí wọ́n ń gbèrò, tí wọn ò pe Ẹsẹ̀ sí i. Ìmọ̀ràn tí wọ́n dá, kò sí èyí tó ṣẹ, àfìgbà tí wọ́n lọ ké sí Ẹsẹ̀. Mo mọ̀ pé ṣọ́ọ̀ṣì lò ń lọ, mi ò ní kó o lọ dÍfá. Ohun tí mò ń sọ ni pé láàárín àwọn tó gba kádàrá gbọ́ jù pàápàá, kò sẹ́ni tó retí pé orí á fúnra rẹ̀ rìn.

Má fiṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ ìwúrí lórí fóònù á ní kó o kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ́la, kí o tẹ̀lé ọkàn rẹ. Wọn kì í bá ènìyàn san owó ilé. Kí o tó ronú àtikúrò rárá, lọ wo àkáǹtì owó ìfẹ̀yìntì rẹ. Lábẹ́ òfin 2014, ilé-iṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ máa san ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ síbẹ̀, kí wọ́n sì yọ ìdá 8 nínú tìrẹ kún un. Bó bá jẹ́ pé wọ́n ń yọ tìrẹ tí kò dé ibi tó yẹ kó dé, ìsinsìnyí ló yẹ kó o mọ̀, kì í ṣe ọjọ́ tí o bá ń kó ẹrù rẹ jáde. Mo bi ọ̀pọ̀ ènìyàn nípa èyí, ó máa ń yà mí lẹ́nu pé wọn kì í mọ̀.

Lẹ́yìn náà, yan iṣẹ́ yẹn lẹ́ẹ̀kejì, kó jẹ́ ìwọ ló yàn án lọ́tẹ̀ yìí. Ó lè jẹ́ pé iṣẹ́ ìṣirò owó lo fẹ́ jẹ́ láyé, nígbà náà ìdánwò ICAN, ẹgbẹ́ àwọn oníṣirò owó Nàìjíríà, ń dúró dè ọ́, ọdún mẹ́wàá tó o ti lò sì wúlò. Ó sì lè jẹ́ pé o kàn fẹ́ kí owó oṣù yẹn máa bọ́ nǹkan mìíràn ni. Ìyẹn náà dára, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Kí o sáà mọ èyí tí ó jẹ́ bí o bá ń wọ ọkọ̀ láàárọ̀ Mọ́ńdè.

Ní ti Ìlú Ọba, mi ò sọ pé má lọ. Àmọ́ nínú gbogbo lẹ́tà rẹ, o ò dárúkọ ohun kan tí o fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀. Orúkọ àwọn ọ̀rẹ́ tó ti lọ nìkan lo kọ. Aṣọ ẹbí mìíràn nìyẹn, èyí tí owó rẹ̀ wọ́n. Ọ̀nà iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà lọ, ìjọba ibẹ̀ ti tì í mọ́ àwọn tó bá ń ti òkèèrè bọ̀ láti oṣù Keje 2025. Bí o bá máa lọ, jẹ́ kó jẹ́ nítorí iṣẹ́ kan tàbí ẹ̀kọ́ kan tí o lè pe orúkọ rẹ̀.

Sátidé ni mo fẹ́ ká jókòó tì. Mọ́ńdè sí Fúráìdè, ẹni tó ń san owó oṣù ló ni ín, a ò ní bá a jà lónìí. Àwọn kan á ní kí o máa fi wákàtí ojú ọ̀nà gbọ́ ẹ̀kọ́ sétí nínú ọkọ̀. Wọn ò tíì dúró ní Berger nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí òjò rọ̀ rí. Sùn nínú ọkọ̀, di báàgì rẹ mú, kí ojú rẹ lè là fún wákàtí kan lálẹ́, kí fóònù sì wà ní yàrá kejì ní wákàtí yẹn. Ìyókù ọ̀rọ̀ fóònù, o ti mọ̀ ọ́n.

Ṣùgbọ́n Sátidé jẹ́ tìẹ, òun gan-an ni gbogbo ayé sì ti pín láàárín ara wọn. Padà sẹ́yìn sí oṣù Kìn-ín-ní ọdún yìí nínú fóònù rẹ, kí o wo gbogbo fọ́tò òde. Fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kọ orúkọ olóde, owó aṣọ, owó télọ̀, owó gèlè àti àtíkè, owó ọkọ̀, àti owó tí o ná sílẹ̀ níbi ijó. Mi ò ní dá iye kan lé e. Akọ̀wé owó ni ọ́, irú ìṣirò yìí lò ń ṣe fún ọ̀gá rẹ lójoojúmọ́, o ò kàn tíì ṣe é fún ara rẹ rí ni. Lẹ́yìn náà, fi àmì sí àwọn tí ìwọ ì bá lọ bí kò tilẹ̀ sí aṣọ, bí kò sí ìrẹsì: àbúrò ìyá rẹ, ọ̀rẹ́ tó sùn tì ọ́ nígbà tí ara rẹ ò yá, aládùúgbò tó ń bá ọ gba kọ́kọ́rọ́. Wọn ò ní pọ̀. Àwọn yẹn, lọ bá wọn yọ̀, má ṣahun.

Àwọn tó kù, o máa kọ̀ fún wọn. Mo mọ̀ pé àyà rẹ ń já. Mi ò ní kó o di ẹni tí kì í yọjú sí ènìyàn. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ bá kan ẹni tí kì í lọ sọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni ló ń mọ̀. Àmọ́ ọ̀nà tí a fi ń báni yọ̀ ju aṣọ lọ. Fi ìkíni ránṣẹ́ kí ọjọ́ tó pé, fi owó díẹ̀ tì í, tàbí kí o lọ kí wọn nírọ̀lẹ́ ọjọ́ mìíràn tí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́ sílé. Sọ ọ́ gbangba: "Ẹ má bínú, mi ò ní lè ra aṣọ, mo ní ohun tí mò ń ṣe lọ́jọ́ Sátidé báyìí." Má parọ́ àìsàn, wọ́n á ru ọsàn wá bẹ̀ ọ́ wò. Àwọn kan á bínú fúngbà díẹ̀. Olóde tí ìwọ tó o lọ gan-an ò rántí, ṣé o rò pé òun á rántí ẹni tí kò wá?

O ní o ò ní ìpè. Ìlú ìyá rẹ ní ìtàn kan tó bá èyí mu. Àwọn obìnrin tó kàwé ní Abẹ́òkúta ní ẹgbẹ́ kan nígbà kan, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ni olórí wọn. Wọ́n ń pàdé, wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ àti oúnjẹ sísè, wọ́n ń ṣe àánú. Nǹkan dáadáa ni, kò sì dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ní àwọn ọdún 1940, obìnrin ọlọ́jà kan ní òun fẹ́ mọ ìwé kà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gbọ́ ohun tí ojú àwọn ọlọ́jà ń rí: owó orí, ìrẹsì tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ wọn. Ní 1946 ẹgbẹ́ náà di Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta, ó gba ọlọ́jà, ó gba aláìmọ̀wé. Wọ́n wọ́de lórí owó orí, nígbà tó sì fi di oṣù Kìn-ín-ní 1949, Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá ti sọ̀kalẹ̀ lórí oyè. Ìyá Ransome-Kuti ò rí ìran kankan lójú oorun. Ìpàdé tí wọ́n ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ ni. Ẹnì kan béèrè nǹkan lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì yan ohun tí ìpàdé náà wà fún.

Ó wá ku àdìrẹ, apá tí mo kà lẹ́ẹ̀mejì nínú lẹ́tà rẹ. Ṣé aró lo fẹ́ ni, àbí àárò ìyá àgbà ló ń sọ ọ́? Kò sí èyí tó burú, ṣùgbọ́n ọ̀nà wọn ò papọ̀. Bó bá jẹ́ ìyá àgbà, aṣọ wọn kan tí o lè máa fi bora lè tó. Bó bá jẹ́ aró, ọwọ́ ló máa sọ ọ́, kì í ṣe ìrònú. Mú Sátidé méjì lóṣù, wọ aṣọ tó ti gbó, gba Ṣágámù lọ sí Ìtòkú, kí o wá àgbà obìnrin kan tó ṣì ń ṣe ẹlẹ́kọ, àdìrẹ tí wọ́n ń fi ẹ̀kọ láfún ya. Ọ̀pọ̀ wọn ti gba ti àbẹ́là àti aró oníkẹ́míkà, torí ó yá. Mi ò bú wọn, pàápàá nísinsìnyí tí aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ nílẹ̀ òkèèrè ti ń jókòó lórí àtẹ tó ń pe ara rẹ̀ ní àdìrẹ.

Ẹlẹ́kọ ń pẹ́ lọ́wọ́. Wọ́n á ro láfún, wọ́n á fi ìyẹ́ adìẹ yà á sára aṣọ, á gbẹ. Ewé elú tí wọ́n gún á ti wà nínú ìkòkò pẹ̀lú omi eérú fún ọjọ́ mélòó kan kó tó kan. Wọ́n á rì í, wọ́n á sá a, wọ́n á tún rì í; pẹ̀lú àwọ̀ ewé tútù ló máa ń kọ́kọ́ jáde kí atẹ́gùn tó sọ ọ́ di aró. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró ò ní mú un. Èyí tí wọn ò ya nǹkan sí, tí wọn ò sì fi ìko di, aró á mu gbogbo rẹ̀. Kò ní burú, kò kàn ní ní ojú kankan. Sátidé méjì yẹn ni kó o fi ẹ̀kọ yà.

Ṣe é fún oṣù mẹ́ta. Bí òórùn ìkòkò aró bá ń rí ọ lára, fi sílẹ̀, o ti mọ̀ nìyẹn. Wá nǹkan mìíràn sí ọjọ́ méjì náà, má dá wọn padà fún WhatsApp. Bó bá sì dùn mọ́ ọ, wọ́n máa bi ọ́ pé, "Ṣé ò ń tà á ni?" Lọ́dọ̀ wa, ènìyàn ò lè fi ọwọ́ ṣe nǹkan kan kí wọ́n má bi í léyìí. Má tíì tà á. Ìgbà tí o bá gba owó àkọ́kọ́, oníbàárà ló máa sọ irú èyí tí wàá ṣe, o ò sì tíì mọ èyí tí ìwọ fúnra rẹ fẹ́. Fún un ní ọdún kan.

Ní ti aṣọ ẹbí oṣù Kejìlá, ọ̀rẹ́ rẹ láti kékeré ni, ó wà lára àwọn tí o máa fi àmì sí. San ìyókù owó, tètè gbé e fún télọ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í já ènìyàn kulẹ̀ nínú oṣù Kọkànlá, kí o sì lọ jó.