Ẹ má tíì jẹ́ kí wẹ́dà fọwọ́ kan dẹ́ẹ̀kì mówà yẹn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Mo ti ka ìbéèrè yín. Mówà tòkunbọ̀ tí à ń jókòó lé, dẹ́ẹ̀kì (irin fífẹ̀ abẹ́ rẹ̀ tí bíléèdì ń yí nínú rẹ̀) íǹṣì 42, bíléèdì méjì, tí ẹ fi ń gé pápá ilé ìwé lápá Ìmọ̀ ní Iléṣà. Ó ń fi ìlà koríko sílẹ̀ láàárín, apá ọ̀tún ń gé wọlẹ̀ ju tòsì lọ, bẹ́líìtì ń fò kúrò lórí púlè, ìyẹn kẹ̀kẹ́ kékeré tí bẹ́líìtì ń gbà yí, ariwo sì ti wọ̀ ọ́. Wẹ́dà wá ní òun á fi sípíríǹgì ẹ̀yìn mọ́tò rọ bíléèdì tó nípọn fún yín, òun á fi púlè kékeré sí i kí bíléèdì lè máa yí kíákíá, òun á sì yọ ìdérí ẹnu ibi tí koríko ń gbà jáde kúrò kó má baà máa dí. Ẹ ní ṣé kí ẹ gbà fún un.

Ẹ má gbà. Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn tó dáa. Ilé-Ifẹ̀ níbí ni mo ti ń fi mówà jẹun, ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, ilé ìwé, ilé àwọn àgbà tó ti fẹ̀yìn tì tí ilẹ̀ wọn fẹ̀. Owó tí mo ti ná sórí dẹ́ẹ̀kì ju èyí tí mo ná sórí ẹ́ńjìnnì lọ fíìfíì. Ọ̀pọ̀ mówà tó bá ń gé koríko játijàti, agbára kọ́ ló kù díẹ̀ káàtó fún un. Abẹ́ rẹ̀ ló dọ̀tí, tàbí bẹ́rìn rẹ̀, òrùka irin tó ń jẹ́ kí bíléèdì yí geere, ti kú, tàbí dẹ́ẹ̀kì fúnra rẹ̀ ò dúró dọ́gba. Tí àwọn yẹn bá wà níbẹ̀, bíléèdì wúrà gan-an ò ní gé e.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ lè pa yín lẹ́rìn-ín: táyà. Ara férémù ni dẹ́ẹ̀kì so kọ́, orí táyà ni férémù sì jókòó lé. Tí táyà ọ̀tún bá rọ̀ ju tòsì lọ, dẹ́ẹ̀kì á fì sápá ọ̀tún, á sì máa fá ilẹ̀ lápá ibẹ̀. Àwọn fọkanáísà wa, tí wọ́n bá ti rí táyà, atẹ́gùn mọ́tò ni wọ́n ń fún un, PSI 30 lórí géèjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mówà ìwọ̀n tiyín yìí, nǹkan bíi 14 ni tiwájú sábà máa ń jẹ́, 10 ni tẹ̀yìn. Ẹ wo ara táyà tàbí ìwé rẹ̀ bí ẹ bá ní in, kí ẹ sì dúró ti fọkanáísà kó fi géèjì wọ̀n ọ́n lójú yín.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gbé e sórí sìmẹ́ńtì tó tẹ́jú. Ẹ pa á, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́, ẹ yọ wáyà orí púlọ́ọ̀gì kúrò pátápátá kó tó di pé ọwọ́ yín dé ìtòsí bíléèdì. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ yí bíléèdì kó dábùú, kí ẹ wá fi téèpù wọ̀n láti ẹnu rẹ̀ dé ilẹ̀ lápá òsì àti lápá ọ̀tún. Kí méjèèjì bára mu. Ẹ tún yí i kó kọjú síwájú àti sẹ́yìn. Níbẹ̀, wọn ò gbọ́dọ̀ bára mu: iwájú ló yẹ kó rẹlẹ̀ díẹ̀, bíi mílímítà 3 sí 10. Ìdí rẹ̀ ni pé iwájú bíléèdì ló ń gé. Tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá tún ń wọ́ lórí ohun tí iwájú ti gé, ìyà lásán ni ẹ́ńjìnnì ń jẹ, orí koríko á sì gé jágajàga.

Ẹ wá tú dẹ́ẹ̀kì sílẹ̀. Ẹ má fi jáàkì nìkan gbé mówà sókè kí ẹ rá wọ abẹ́ rẹ̀ o, jáàkì a máa yọ̀. Ẹ yọ bẹ́líìtì, ẹ fa àwọn píìnì tó dì í mú, kí ẹ fà á gba ẹ̀gbẹ́ jáde, kí ẹ sì dojú rẹ̀ dé. Ohun tí ẹ máa bá lábẹ́ ibẹ̀ kì í ṣe koríko mọ́. Á ti le, á ti dúdú, á ti lẹ̀ mọ́ irin bí ọkà tó jóná mọ́ ìdí ìkòkò. Àyè tí ẹ rí lábẹ́ dẹ́ẹ̀kì yẹn, ọ̀nà atẹ́gùn ni. Etí bíléèdì tó ká sókè ló ń fa atẹ́gùn tó ń gbé koríko nàró kó tó gé e. Bí ìdọ̀tí bá ti jẹ ìdajì àyè náà, koríko á sùn sílẹ̀, bíléèdì á sì kọjá lórí rẹ̀. Omi tó wà nínú ìdọ̀tí yẹn náà ló ń mú kí irin dípẹtà títí á fi lu.

Tírówẹ̀lì bíríkìlà tó ti gbó ni mo fi ń ha tèmi, lẹ́yìn rẹ̀ ni mo máa gbé e lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà kó fi atẹ́gùn fẹ́ ẹ. Àwọn dẹ́ẹ̀kì kan ní ojú ibi tí a lè ki rọ́bà omi bọ̀. Èmi kì í lò ó. Omi ń wọ inú bẹ́rìn, koríko tútù tó ṣẹ́kù lókè dẹ́ẹ̀kì lábẹ́ ìdérí púlè kì í sì í kúrò. Ohun tó sàn ju fífọ̀ lọ ni kí ẹ má gé koríko nígbà tí ìrì ṣì wà lórí rẹ̀. Láti oṣù Karùn-ún dé oṣù Keje, tí òjò bá rọ̀ lóru, ẹ jẹ́ kí oòrùn mú ilẹ̀ dáadáa kí ẹ tó jáde. Ọ̀gá ilé ìwé á kùn, ẹ jẹ́ kó kùn.

Ìlà tó ń ṣẹ́kù láàárín yẹn, tí abẹ́ dẹ́ẹ̀kì bá ti mọ́ tí kò sì lọ, orí bíléèdì ni kí ẹ wò. Bíléèdì méjèèjì máa ń gba ibi kan náà kọjá díẹ̀ láàárín. Ilẹ̀ Iléṣà kún fún òkúta funfun wẹ́wẹ́, ògán náà sì wà nínú pápá. Bí ẹnu bíléèdì bá ti ń kan wọ́n, orí rẹ̀ á máa di roboto, á sì kúrú. Àyè tó kúrú yẹn ni koríko fi ń là á já. Gbégi ló máa ń kọ́kọ́ tú àṣírí rẹ̀, ẹ ó rí i tí orí rẹ̀ fàya tó funfun, tí kò gé. Méjèèjì ni kí ẹ pààrọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo mọ̀ pé ọmọ òṣómàáló ni yín, ẹyọ kan ṣoṣo lẹ máa fẹ́ rà. Ẹ ra méjì.

Tó bá ṣì ṣeé pọ́n, ẹ pọ́n ọn bí ó ṣe dagun tẹ́lẹ̀, bíi dígírì 30. Ẹ má pọ́n ọn bí abẹ ìfárí, á kákò lọ́jọ́ kan náà, ẹ má sì jẹ́ kí ẹ̀rọ tí wẹ́dà fi ń fáìlì mú un gbóná títí á fi yí àwọ̀ sí búlúù. Ẹ fi ihò àárín rẹ̀ kọ́ ìṣó lára ògiri. Apá tó bá sọ̀kalẹ̀ ni kí ẹ tún pọ́n díẹ̀ títí á fi dúró gbọọrọ. Kí ẹ tó dá a padà, ẹ wo ìdí etí tó ká sókè yẹn. Iyanrìn máa ń jẹ ẹ́ níbẹ̀ títí á fi fẹ́lẹ́. Tí ẹ bá ti rí ihò tàbí ojú tó là, ẹ ju bíléèdì náà nù, torí ibẹ̀ ló máa já sí. Etí náà gbọ́dọ̀ kọjú sókè sí dẹ́ẹ̀kì. Mo ti bá a tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, tí wọ́n wá ń bú ẹ́ńjìnnì.

Bẹ́rìn wá ni baba ọ̀rọ̀. Bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ ò lè tán léèékánná: ariwo yẹn, bẹ́líìtì tó ń fò yẹn, ìgé tí ò dọ́gba, bẹ́rìn tó ti kú lè fa gbogbo rẹ̀. Ẹ di orí bíléèdì mú, ẹ gbé e sókè sódò. Tó bá ń mì, ó ti lọ nìyẹn. Ẹ fọwọ́ yí púlè láìsí bẹ́líìtì lórí rẹ̀. Tó bá ń dún gìrìgìrì, ó ti lọ. Èyí tó dáa kì í sọ̀rọ̀.

Bíléèdì kọ̀ọ̀kan ní ilé bẹ́rìn tirẹ̀, bẹ́rìn méjì méjì ló sì máa ń wà nínú ilé kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Nọ́ńbà 6203 tàbí 6204 ni ẹ máa bá lára púpọ̀ nínú wọn. Ẹ lè rí wọn lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta páàtì ọ̀kadà, ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀ níbí o. 6203 tí wọ́n máa tà fún yín, mílímítà 17 ni ihò inú rẹ̀, 40 ni ẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn mówà Amẹ́ríkà kan wà tí ẹ̀yìn bẹ́rìn wọn jẹ́ 40 yìí náà, àmọ́ ihò inú rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 5/8, ìyẹn bíi mílímítà 15.9. Bẹ́rìn ọjà á wọ inú ilé rẹ̀ rẹ́gí, á sì máa mì lára ṣáàfù, irin gbọọrọ tó gbé bíléèdì tó gba inú bẹ́rìn kọjá. Mo ti tú ọ̀kan rí tí ẹnì kan ti gé páànù agolo mílíìkì wé ṣáàfù rẹ̀ kó lè fún. Páànù náà ti di lẹ́búlẹ́bú, ṣáàfù ti jẹ wọnú, púlè ti dagun, bẹ́líìtì sì ń fò. Ṣáàfù àti ilé bẹ́rìn tuntun ni wọ́n padà rà. Nítorí náà, ṣáàfù gan-an ni kí ẹ wọ̀n, ẹ má gbọ́kàn lé nọ́ńbà nìkan.

Páìpù kékeré kan tún wà láàárín bẹ́rìn méjèèjì. Ẹ má sọ ọ́ nù, ẹ má sì sọ pé ó dà bíi pé kò wúlò. Òun ló ń gba agbára nọ́ọ̀tì tí ẹ bá ń fún un. Tí kò bá sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ṣe ń fún nọ́ọ̀tì lẹ ń fún ọmọ bẹ́rìn pa.

Àlúmíníọ̀mù ni ilé bẹ́rìn, kì í fẹ́ òòlù. Ẹ fi bẹ́rìn tuntun sínú fìrísà sùn mọ́jú, kí ẹ fi nylon wé e dáadáa kí ìyàwó má baà bá yín jà lórí ẹja rẹ̀, kí ẹ sì sá ilé bẹ́rìn sínú oòrùn ọ̀sán. Á fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlé fúnra rẹ̀. Tó bá kù díẹ̀, ẹ gbé òrùka ẹ̀yìn bẹ́rìn àtijọ́ lé e kí ẹ rọra gbá a, àárín rẹ̀ kọ́ ni kí ẹ gbá.

Àtúnṣe kan wà níbí tí mo fọwọ́ sí. Tí ilé bẹ́rìn yín ò bá ní nípù gírísì, ẹnu kékeré tí a ń gbà tẹ gírísì wọlé, ẹ lu ihò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ níbi tó nípọn, nígbà tí bẹ́rìn ò sí nínú rẹ̀, ẹ fi táàpù gé tíréèdì M6 sí i, kí ẹ fi nípù dí i. Ẹ wá fi abẹ́rẹ́ yọ rọ́bà tó bo bẹ́rìn kọ̀ọ̀kan lápá inú, apá tí wọ́n fi kọjú síra wọn, kí ẹ fi tẹ̀yìn sílẹ̀. Gírísì á máa wọ méjèèjì. Ìtẹ̀ kan tàbí méjì tó. Ẹni tó bá ń tẹ̀ ẹ́ títí, rọ́bà ẹ̀yìn ló máa tì jáde, iyanrìn á sì rí ọ̀nà wọlé. Tí tíréèdì inú àlúmíníọ̀mù bá sì ti jẹ, bóòtì gígùn tó la òkè já ni kí ẹ fi sí i, pẹ̀lú wáṣà àti nọ́ọ̀tì.

Ọ̀rọ̀ bẹ́líìtì ò le. Ẹ wo púlè tó ń fà á le bóyá bẹ́rìn tirẹ̀ náà ti kú, ẹ wo sípíríǹgì, ẹ wo irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń ṣọ́ bẹ́líìtì bóyá ó ti tẹ̀. Bẹ́líìtì fáànù mọ́tò ò ní pẹ́ níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ bẹ́líìtì dẹ́ẹ̀kì ní okùn aramid nínú, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Kevlar, torí pé ó máa ń yọ̀ kó tó dì mú nígbàkúùgbà tí ẹ bá tan bíléèdì.

Ẹ jẹ́ kí n padà sọ́dọ̀ wẹ́dà yín. Sípíríǹgì mọ́tò dáa fún àdá. Àmọ́ irin tí wọ́n ti fi iná rọ tí wọ́n sì rì bọ omi, ó lè ti sán nínú kí ojú tó rí i, ọwọ́ èèyàn sì kọ́ ló ń jù ú, ẹ́ńjìnnì ni. Ó wúwo jù, kì í dọ́gba, bẹ́rìn tuntun tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ló máa kọ́kọ́ pa. Ní ti púlè, ìlànà Amẹ́ríkà tó wà fún mówà, ANSI B71.1, ní ẹnu bíléèdì ò gbọ́dọ̀ kọjá ẹsẹ̀ bàtà 19,000 ní ìṣẹ́jú kan. Bíléèdì íǹṣì 21 ń rin ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún àbọ̀ ní ìyípo kan, ìyẹn ni pé bíi ìyípo 3,450 ní ìṣẹ́jú kan ni òpin rẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é sábà máa ń sún mọ́ òpin yẹn tẹ́lẹ̀. Tí ẹ bá yọ púlè íǹṣì 5 kí ẹ fi íǹṣì 4 sí i, ẹ ti fi ìdá kan nínú mẹ́rin kún eré rẹ̀ nìyẹn, ẹ sì ti kọjá ibi tí bíléèdì náà lè gbà.

Ìdérí ẹnu dẹ́ẹ̀kì, èmi ò tiẹ̀ fẹ́ jiyàn lórí ẹ̀. Ilé ìwé ni, àwọn ọmọ wà níbẹ̀, ilẹ̀ olókùúta sì ni. Tó bá ti dí nítorí pé wọ́n ti ìsinmi dé, tí eèsún àti Akíntọ́lá-ta-kú ti gba pápá, ẹ gbé dẹ́ẹ̀kì sókè pátápátá gé e lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ tún sọ̀ ọ́ kalẹ̀ gé e lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ ju àdá sí èyí tó bá ti di igi.

Iṣẹ́ tó wà fún wẹ́dà ni ibi tí ìpẹtà ti lu. Kó gé irin tó ti jẹ kúrò pátápátá títí á fi kan irin tó le, kó má kàn lẹ nǹkan mọ́ ọn lórí. Kó fi pléètì mílímítà 3 dí i láti òde, kí inú lè jọ̀lọ̀, kí koríko má rí ibi tó máa fi kọ́. Kó máa jó o ní díẹ̀díẹ̀, kó má gbóná kó wá yí. Tó bá jẹ́ pé dẹ́ẹ̀kì ṣì wà lára mówà ló fẹ́ jó o, ẹ yọ orí bátìrì kúrò, kí ẹ sì ní kó fi áàsì rẹ̀, wáyà tí iná ń gbà padà, mú ìtòsí ibi tó ń jó gan-an. Tí iná bá gba inú bẹ́rìn kọjá, á fi ihò wẹ́wẹ́ sí i nínú, ẹ ò sì ní mọ̀ títí á fi bẹ̀rẹ̀ sí í kígbe. Ẹ fi Red oxide, ọ̀dà tó ń dènà ìpẹtà, kùn ún lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ fi ọ̀dà mọ́tò lé e. Ọ́ìlì dúdú tí àwọn kan ń fi pa á, eruku ló ń kó, ó sì ń jo koríko pápá.

Tí ẹ bá ti tú bẹ́rìn yẹn jáde, ẹ kọ nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀ síbí, kí ẹ kọ ìwọ̀n ṣáàfù pẹ̀lú, ká lè mọ èyí tí ẹ máa wá kiri kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ kankan.